OWÓ TÍ ỌWỌ́ KÒ BÁ TÍÌ KÀN

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá nínú ìwé oṣù yìí kì í ṣe tuntun. A ti sọ ọ́ ní ìpàdé títí ẹnu fi ń ro wá. Ọ̀rọ̀ owó tí a ń kó sínú àpótí àti sábẹ́ ibùsùn ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ní Òkè Ọya níhìn-ín ni ó ṣì gbàgbọ́ pé owó tí ọwọ́ kò bá tíì kàn, kì í ṣe owó. Bí oníbàárà bá fi fóònù san gbèsè fún wọn, wọn yóò dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò ní balẹ̀ títí wọn yóò fi rí ẹni tí yóò bá wọn gba owó náà jáde lọ́dọ̀ oní-POS, kí wọ́n tó tún un kà, kí wọ́n sì dì í sínú aṣọ.

A kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọdé tí ń rẹ́rìn-ín wọn kò mọ̀ pé kí ó tó di ọdún 1955, ọ̀pọ̀ nínú bánkì tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa dá sílẹ̀ ni ó ti dojú dé, tí owó tálákà sì bá a lọ. Bánkì tún wó láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ṣùgbọ́n àwọn òbí wa ti kọ àṣà tí ó mọ́ wọn lára sílẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ yìí fi apá òsì títì sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Awakọ̀ tí ó ti fi ogún ọdún rin òsì ní láti gbàgbé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ láàárín òru ọjọ́ kan. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973, pọ́n-ùn lọ, náírà dé. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, sílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá.

Ti kọ́bọ̀ yìí ni ó tilẹ̀ le jù. Àwa tí a kò tíì bí nígbà náà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá wa. Kọ́bọ̀ kì í ṣe orúkọ àjèjì. Òun ni Yorùbá ń pe pẹ́nì tẹ́lẹ̀, méjìlá rẹ̀ ni ó sì wà nínú sílè. Nísinsìnyí wọ́n ní mẹ́wàá ni. Orúkọ kan náà, iye ọ̀tọ̀. Sísì tí ó jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́fà di kọ́bọ̀ márùn-ún, tọ́rọ́ tí ó jẹ́ mẹ́ta di méjì àbọ̀. Ìyá oníyọ̀ tí ó bá fi kọ́bọ̀ àtijọ́ ṣírò yóò rò pé wọ́n ti yọ méjì jẹ lórí sílè kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì jèrè. Ahọ́n nìkan ni kò tètè tẹ̀lé wọn, nítorí ó pẹ́ kí a tó dẹ́kun pípe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní sílè. Àwa náà ṣì ń pe ọ̀kẹ́ lónìí, bẹ́ẹ̀ owó ẹyọ ni wọ́n ń fi ọ̀kẹ́ kà.

Àpótí ti dójú ti àwọn ènìyàn wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Buhari pa àwọ̀ owó dà, wọ́n sì ti ẹnubodè. Ẹni tí owó rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ ni ó sáré jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, bánkì àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan. Ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Tuntun kò tó, àtijọ́ kò ṣe é ná. Àwọn ará oko tí ń gbé tòmátò àti àlùbọ́sà wá bá wa kò ní àkáǹtì, àwa kò sì ní bébà láti fún wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná, Kogí àti Zamfara gba ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ lọ. Kí ilé-ẹjọ́ tó dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó, àwọn kan ti ta tiwọn ní ẹ̀dínwó. Ẹni tí ó ní owó ní bánkì náà jìyà, a kò ní purọ́. Ó tò lórí ìlà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé owó rẹ̀ ti di bébà lásán.

Ohun tí ó burú ju èyí lọ wà, a kò sì fẹ́ràn láti máa dárúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó wà ní Kàdúná ní oṣù kejì ọdún 2000, àti àwọn tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, mọ bí a ti ń fi aṣọ ọrùn nìkan sá kúrò nílé. Àwọn ará Kánò rí iná ọjà Sábọ́n Gàrí ní ọdún 2016. Àpótí kì í bá ènìyàn sáré.

Bánkì lè wó lónìí pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2024 ni bánkì àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Heritage Bank. Ṣùgbọ́n NDIC, àjọ ìjọba tí ó ń ṣe onígbọ̀wọ́ owó inú bánkì, ti gbé iye tí yóò san fún oníbàárà kan sókè ní oṣù tí ó ṣáájú, láti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sí mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Àwọn tí wọ́n ní àkáǹtì mìíràn lábẹ́ nọ́ńbà BVN wọn rí owó gbà láìkọ fọ́ọ̀mù. Onígbọ̀wọ́ wo ni àpótí ní?

A mọ̀ pé ọ̀nà tuntun ní olè tirẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ọjà fún ẹnikẹ́ni nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó fi hàn yín. Inú àkáǹtì yín ni kí ẹ wò. Ẹ má ṣe sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì yín fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó ní òun ń pè láti bánkì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ bánkì yín sí ìwé, kí ìyàwó, ọkọ tàbí àkọ́bí mọ ibi tí ìwé náà wà. Owó tí ẹbí kò mọ̀ nípa rẹ̀ kò sàn ju èyí tí a rì mọ́lẹ̀ lọ.

Ó wá ku owó ẹgbẹ́. Àbá wà níwájú ìgbìmọ̀ pé kí owó oṣooṣù àti owó ìsìnkú máa wọ àkáǹtì ẹgbẹ́, kí ènìyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí i kí ó tó jáde. Àwọn bàbá kan ní ẹ̀gàn ni èyí jẹ́ fún akápò, pé kò sí ọjọ́ tí owó dín lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, kò dín rí. Ṣùgbọ́n ilé pákó ni akápò ń gbé, ilé epo sì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Owó tí a ó fi gbé òkú wa délé kò yẹ kí ó sùn níbẹ̀ ní òru kan sí i.

A ó dìbò lórí àbá náà ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ìyá tàbí bàbá tí ó bá fẹ́ kí a bá òun lọ sí bánkì láti ṣí àkáǹtì, kí ó rí akọ̀wé lẹ́yìn ìpàdé. Kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà NIN rẹ̀ dání. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ yóò tẹ ìka, a kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.