Ẹ Jẹ́ Kí Egungun Sọ̀rọ̀

A fẹ́ kí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde fetí sí ọ̀rọ̀ ẹranko kan tí ó ti kú run, nítorí ó kan àwọn ọmọ yín.

Ní ọdún 1971, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, Douglas Lawson, rí egungun ìyẹ́ ńlá kan nínú ilẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Quetzalcoatlus ni a ń pe ẹranko náà, ọ̀kan nínú àwọn afàyàfà abìyẹ́ tí à ń pè ní pterosaur, tí wọ́n parẹ́ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Bí ó bá na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n tó mítà 10. Bí ó bá dúró, ó ga tó àgùnfọn.

Báwo ni irú òmìrán bẹ́ẹ̀ ṣe ń kúrò nílẹ̀? Ẹyẹ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹyẹ a máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ fò sókè kí ó tó máa lu ìyẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ tín-ín-rín pterosaur kò bá èyí mu, àwọn kan ní etí òkè ni ó ti ń já sínú afẹ́fẹ́, àwọn mìíràn ní ẹ̀fúùfù líle ni ó ń dúró dè.

Ní ọdún 2008, Michael Habib wọn agbára egungun apá mọ́ ti ẹsẹ̀, ó sì rí i pé ti apá ju ti ẹsẹ̀ lọ fíìfíì. Apá àti ẹsẹ̀ ni pterosaur jùmọ̀ fi ń rìn nílẹ̀. Èrò Habib ni pé yóò lóṣòó, yóò fi ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìfò, yóò wá fi apá alágbára ti ilẹ̀, kí ó tó na ìyẹ́. Àdán tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà ń fi apá ti ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Lójú tiwa, àwọn onímọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti wo ìṣe àdán tipẹ́.

Ọmọ tí ó há àlàyé ìyẹ́ sórí láìfọwọ́ kan egungun ìyẹ́ rí, àṣìṣe olùkọ́ rẹ̀ ni yóò jogún. Nítorí náà, bí a ti ń dáwó fún gbọ̀ngàn àti ẹnubodè ní àjọ̀dún yìí, kí a má gbàgbé yàrá ìṣàyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀yin òbí kò sì ní láti dúró dè wá. Ẹ fọ egungun apá adìyẹ àti ti itan rẹ̀ mọ́, ẹ kó wọn síwájú ọmọ yín, kí ẹ bi í léèrè èyí tí ó nípọn jù, àti ìdí rẹ̀.