Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Bẹ ní Ìlú Òyìnbó

Ẹ̀yin baba wa olóyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn olùkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ti oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìṣèlú. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. A sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè nìkan ni, nítorí pé ní ẹnu ọ̀nà agbo-ilé yín ni ó ń parí sí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 14, wá sílé. Ohun tí ó sọ fún ọmọ náà ni pé wọ́n ń bọ̀ wá wo ìwúyè baba àgbà. Òótọ́ ni pé ìwúyè wà. Ọmọ náà wọ aṣọ ẹbí, ó jó, a sì ná an lówó. Ní ọjọ́ kẹta, baba rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ òfurufú padà, ó sì ti mú ìwé ìrìnnà ọmọ náà lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ti máa ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ni wọ́n fi í sí. Àwa fúnra wa ni a bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ ọ́ kí àyè lè wà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bi ọmọ náà bóyá ó mọ̀ pé òun kò ní padà. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé, ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí obìnrin náà tó bá wa lórí tẹlifóònù láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹkún ni ó ń sun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé ọmọ tí a rò pé a ń bá ẹbí rẹ̀ tọ́, a bá ẹnìkan jí i gbé ni.

A fi ìtàn yìí sí iwájú kí ó má baà dà bí ẹni pé orí àga ìwàásù ni a wà tí a ń bá ẹlòmíràn wí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1984 sọ ọ́ di ọ̀ràn fún òbí láti mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 jáde kúrò ní ilẹ̀ náà, àyàfi bí gbogbo ẹni tí òfin fún ní àṣẹ lórí ọmọ náà bá fọwọ́ sí i, tàbí bí ilé-ẹjọ́ bá yọ̀ǹda. Baba tí ó wí pé, “Ọmọ mi ni, ibi tí ó bá wù mí ni n ó mú un lọ,” ń sọ̀rọ̀ bí àwọn baba ńlá wa ti í sọ ọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ ibẹ̀ kò gbọ́ èdè náà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé bí àwọn kò bá fẹ́ ìyá ọmọ níṣu lọ́kà lójú òfin, tí orúkọ àwọn kò sì sí nínú ìwé ìbí ọmọ, àwọn kò ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀ títí wọ́n ó fi gbà á nípa àdéhùn tàbí láti ọwọ́ adájọ́. Àní orúkọ inú ìwé ìbí náà, láti oṣù kejìlá ọdún 2003 ni ó ti ń fún baba tí kò gbé ìyàwó ní àṣẹ.

Bí baba àti ìyá bá tilẹ̀ fi ohùn ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ kò tán. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn òbí kan tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Gánà tan ọmọ wọn ọkùnrin tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù pé ara ẹbí kan kò yá. Wọ́n mú un dé Gánà, wọ́n sì fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀, nítorí ẹ̀rù ẹgbẹ́ burúkú àti ọ̀bẹ tí ń pa ọmọdé ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ náà pe àwọn òbí rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2025, adájọ́ dá àwọn òbí láre. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn da ìdájọ́ náà nù, ó ní kí wọ́n tún un gbọ́. Ẹ̀rù tí ó ba àwọn òbí wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀rù lásán, a kò sì ní bá wọn wí lórí rẹ̀. Ẹ̀tàn náà ni ó dùn wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá ohun tí ó bí gbogbo èyí. Ní ilẹ̀ wa, ojú méjì ni í bí ọmọ, igba ojú ni í wò ó. Fífi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí olùkọ́, kì í ṣe kíkọ ọmọ sílẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀kọ́ ni. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni kò dàgbà ní ilé baba yín. Àwa tí ń kọ ọ́ lo ọdún 6 ní ilé olùkọ́ kan: a pọnmi, a fọ aṣọ, a sì jẹ ẹgba tí ó tó wa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ó yí wa ká nígbà náà. Bí ẹgba bá pọ̀ jù, ìyá àgbà kan yóò yọ lẹ́nu ìloro, yóò ní, “Ó tó gẹ́ẹ́.” Bí ọmọ bá ń rù, àwọn obìnrin ọjà yóò rí i, ìròyìn yóò sì ti dé ilé àwọn òbí rẹ̀ kí ọjà mìíràn tó pé. Ẹni tí ó gba ọmọ tọ́ mọ̀ pé ojú ń bẹ lára òun.

Àṣà yìí ni àwọn ènìyàn wa dì sínú ẹrù lọ sí ìlú òyìnbó. Agbo-ilé ni wọn kò lè dì.

Ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ti òní. Láti nǹkan bí ọdún 1950 lọ títí kọjá ọdún 1970, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń lọ kọ́ òfin, ìṣírò owó àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tọkọtaya a máa gbé inú yàrá kan ṣoṣo, onílé a sì sọ pé òun kò fẹ́ ọmọdé. Ọkọ ń kàwé, aya ń ṣiṣẹ́, kò sí ìyá kankan nítòsí. Wọ́n ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n ń wá obìnrin òyìnbó tí yóò gba ọmọ tọ́ fún owó ọ̀sẹ̀ẹ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n fi ránṣẹ́ báyìí sí Kent, Essex àti Sussex. Òbí rò pé ìgbàtọ́ ni, bí ti ilé. Alágbàtọ́ mìíràn sì rò pé a ti fi ọmọ náà ta òun lọ́rẹ. Àwọn kan rí ìfẹ́ tòótọ́ gbà, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà. Ṣùgbọ́n Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí ayé mọ̀, ti fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù tí ó jáde ní ọdún 2018: ọmọ Yorùbá tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967, tí a gbé fún tọkọtaya òyìnbó ní Tilbury nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 6, tí ó dàgbà tí ó kórìíra awọ ara rẹ̀ dé ibi pé ó bá àwọn jàǹdùkú tí ń lu aláwọ̀ dúdú rìn. Nígbà tí wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà ní kékeré, kò gbọ́ èdè ẹni tí ó bí i.

Ikú ọmọ mìíràn, tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ni ó yí òfin padà. Victoria Climbié, ọmọ ilẹ̀ Ivory Coast, ni àwọn òbí rẹ̀ fi lé obìnrin kan nínú ẹbí wọn lọ́wọ́ kí ó lè rí ẹ̀kọ́ gidi kọ́ ní Yúróòpù. Ta ni nínú wa tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Obìnrin náà mú un dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹrin ọdún 1999. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2000, ọmọ náà kú, ẹni ọdún 8, àpá 128 sì wà ní ara rẹ̀. Ilé-ìwòsàn méjì ti rí i ṣáájú. Àwọn ọlọ́pàá àti àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú, tí àwọn ará wa níbẹ̀ ń pè ní sóṣà, ti mọ orúkọ rẹ̀. Ìwádìí Lord Laming, tí ó jáde ní ọdún 2003, fi hàn pé òṣìṣẹ́ kan ṣàkíyèsí bí ọmọ náà ti máa ń dúró ṣánṣán níwájú àwọn tí ń tọ́ ọ, ó sì rò pé bí àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú ti ń kọ́ ọmọ ní ọ̀wọ̀ ni. Ìbẹ̀rù ni, wọ́n pè é ní ọ̀wọ̀! Bí a sì ti jẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run, a kò lè fi apá kejì pamọ́: wọ́n mú ọmọ náà lọ sí ilé ìjọsìn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ pé ẹ̀mí èṣù ni ó ń bẹ nínú rẹ̀. Pásítọ̀ tí ó bá pe ọmọdé ní àjẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Ìbàdàn, kí ìjọ rẹ̀ má ṣe bò ó.

Ẹ rí i pé ojú òyìnbó kò mọ àṣà wa wò. Nígbà kan yóò rí ìyà, yóò pè é ní àṣà. Nígbà mìíràn yóò gbọ́ àṣà, yóò pè é ní ìyà. Ìyá wa kan lè bínú kí ó wí fún ọmọ tí ó da omi nù pé, “Màá pa ẹ́ lónìí!” Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ, a sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún olùkọ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé ni wọn yóò kọ ọ́ sí, ìwé náà yóò sì rìn. Ọlọ́pàá lè pa ọmọ mọ́ fún wákàtí 72 láìgba àṣẹ adájọ́. Ní ti ẹgba, ilẹ̀ Scotland fi òfin dá a dúró pátápátá ní ọdún 2020, ilẹ̀ Wales ní ọdún 2022. Òfin tí wọ́n ṣe ní England ní ọdún 2004 fi àyè kékeré sílẹ̀ fún ìbáwí, ṣùgbọ́n bí ẹgba bá ti bó ọmọ lára, àyè náà ti tán. Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé òfin òyìnbó nìkan ni èyí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ti sọ di tiwọn, sọ ohun kan náà: ire ọmọ ni a ó kọ́kọ́ wò.

Níbo ni àwa wọ̀ ọ́? Nígbà tí ọ̀ràn bá dé ilé-ẹjọ́ ibẹ̀, òfin ọdún 2014 ní kí ẹjọ́ náà parí láàárín ọ̀sẹ̀ 26. Òbí ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Òfin fẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ ẹbí tí ó lè gba ọmọ náà tọ́ kí a tó fi í fún àlejò. Ṣùgbọ́n ta ni wọn yóò rí? Ìyá náà ń tijú. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú gbọ́. Bàbá kò gbé lẹ́tà. Wọ́n kọ̀wé sílé, lẹ́tà náà wà lórí tábìlì olórí ẹbí títí ọ̀sẹ̀ 10 fi kọjá, nítorí pé ó ń dúró de ìpàdé ìdílé. Nígbà tí a ó fi dáhùn, wọ́n ti ń sọ ọmọ náà di ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé ìyẹn kì í ṣe ìgbàtọ́: ó ń gé ìbátan kúrò pátápátá lójú òfin. Láti ọdún 2014 náà, ní England, òfin ti yọ gbólóhùn tí ó pa á láṣẹ pé kí a ro ti ẹ̀yà, ẹ̀sìn, àṣà àti èdè ọmọ kí a tó fi í fún àwọn òbí tuntun. Bí àwa kò bá dá ẹnikẹ́ni síwájú, a kò ní ẹjọ́ láti rò.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Lọ́ńdọ̀nù ti kọ́ gbọ̀ngàn, wọ́n ti tún ààfin ṣe, aṣọ ẹbí wọn sì dára púpọ̀. A ń bẹ̀ wọ́n nísinsìnyí pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan àgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí obìnrin pọ̀ nínú wọn, àwọn tí ìwé wọn mọ́ tí ilé wọn sì gba ọmọdé, tí òbí lè sáré bá ní òru láìtijú, tí wọ́n sì lè bá a jókòó níwájú sóṣà. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́, tí ó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sọ́dọ̀ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ fi tó ìgbìmọ̀ ìlú létí. “Ọmọ ìyá ọ̀rẹ́ mi ni” kò tó níbẹ̀.

Ẹ̀yin olóyè wa, ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ yín kéré ju èyí lọ. Bí wọ́n bá mú ọmọ wá láti òkè òkun, kí ẹ tó súre fún un, ẹ pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ bi í ohun tí wọ́n sọ fún un. Kí ẹ sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Bí lẹ́tà bá dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú tàbí ilé-ẹjọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sùn.

Ọmọ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Baba àgbà rẹ̀ ni ó san owó ọkọ̀. Àwa ni a sìn ín dé Ìkẹjà; kò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà, a kò sì dá a lẹ́bi.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé gbogbogbò tí ń bọ̀. Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ tí ń bẹ ní òkè òkun ránṣẹ́ sí wa kí oṣù yìí tó parí.