Ẹ Tẹ́ Ẹní Sílẹ̀, Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Gbìyànjú Fúnra Rẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bí àìsàn rọpárọsẹ̀ bá da àgbàlagbà dúbúlẹ̀, tí ilé ìwòsàn sì ti dá a padà sílé, ìkẹ́ ni gbogbo ẹbí máa ń fi gbà á. Àwọn ọmọ yóò ra fóòmù rírọ̀, aya yóò máa fi ṣíbí fún un lóúnjẹ, ẹnìkan yóò máa gbé e, ẹlòmíràn yóò máa wọṣọ fún un. Bí ó bá fẹ́ na ọwọ́ mú ife omi, wọn yóò ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá, a ó bá yín ṣe é." Ìfẹ́ ni ó ń fa èyí, a kò sì lè bá ẹnikẹ́ni wíjọ́ nítorí ìfẹ́. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé bí irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pẹ́, a máa gba ìwọ̀nba agbára tí àìsàn náà ṣẹ́ kù sílẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn. Ohun tí ó yẹ kí a fún un ni ẹní lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹni tí yóò jókòó tì í, àti sùúrù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Rọpárọsẹ̀ kì í ṣe àìsàn apá tàbí ti ẹsẹ̀. Àìsàn ọpọlọ ni. Ó máa ń wáyé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, tàbí nígbà tí irú iṣan bẹ́ẹ̀ bá bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára àwọn olórí ohun tí ń fà á. Ìhà òsì ọpọlọ ni í darí ìhà ọ̀tún ara, ìhà ọ̀tún rẹ̀ ni í sì darí ìhà òsì. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo fi sábà máa ń rọ jọwọrọ. Ibi tí ó ti kú nínú ọpọlọ kì í jí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ibi tí ó kù lè kọ́ láti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, bí a bá ń fún wọn níṣẹ́ ṣe léraléra. Láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́ ni ìtẹ̀síwájú sábà máa ń yá jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dópin síbẹ̀.

Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn ènìyàn 222 tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ tí ó rọ ṣì lè mira díẹ̀. Wọ́n fi ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́ líle apá kan nínú wọn fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ọwọ́ tí ó rọ lè di dandan fún iṣẹ́. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí já fáfá ju ti àwọn tí a tọ́jú bí ìṣe àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ tí a kò bá lò, ọpọlọ a máa gbàgbé rẹ̀.

A mọ ohun tí ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú. Wọ́n á ní, "Ṣé orí ilẹ̀ ni kí a gbé Bàbá sí bí ọmọ ọwọ́? Kí ni ará àdúgbò yóò wí?" Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí àgbà rí? Orí ẹní ni Mùsùlùmí ti ń foríkanlẹ̀ lójoojúmọ́. Láyé àtijọ́, orí ẹní ni ọba àti ìjòyè pàápàá ń sùn. Ilẹ̀ kì í ṣe ibi ìtìjú láàárín Yorùbá. Ẹni tí ó wà nílẹ̀ kò tún ní ibi tí yóò já bọ́ sí, nítorí náà ẹ̀rù kì í bà á. Fóòmù rírọ̀ a máa gbé ara mì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ líle a máa fún ara ní ohun tí yóò tẹ̀ dìde.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí dókítà àti àwọn oníṣẹ́ ìlera tí a ń pè ní físíò kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò. Ìkánjú kò dára. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 2015, lórí aláìsàn 2,104 ní orílẹ̀-èdè 5, fi hàn pé àwọn tí a ń gbé dìde lemọ́lemọ́ láti wákàtí 24 àkọ́kọ́ kò ṣe dáadáa tó àwọn yòókù.

Bí físíò bá ti gbà á láyè, yíyí ara ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Kí aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó ká orúnkún, kí ó fi ọwọ́ líle di èyí tí ó rọ mú, kí ó kọ́kọ́ yí orí, kí ọwọ́ àti orúnkún wá tẹ̀ lé e sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó bá lè yí ara rẹ̀ padà lóru, egbò ìdùbúlẹ̀ kò ní tètè bá a, aya rẹ̀ pàápàá yóò sì rí oorun sùn. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni gbígbé ìdí sókè: kí ó ká orúnkún, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí olùrànlọ́wọ́ di ẹsẹ̀ tí ó rọ mú kí ó má yọ̀. Kí ó gbé ìdí, kí ó ka 1 dé 5 sókè kí ó má baà sé èémí, kí ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èyí ni yóò mú kí wíwọ ṣòkòtò àti lílo póò rọrùn. Lẹ́yìn náà, kí ó ti ẹ̀gbẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ líle ti ara rẹ̀ dìde jókòó. Bí èyí bá ti mọ́ ọn lára, kí ó kúnlẹ̀ níwájú àga wíwúwo, kí ó gbé ọwọ́ lé e, kí ó gbé ẹsẹ̀ líle síwájú, kí ó sì fi í tẹ ilẹ̀ dìde. Ẹni tí ó bá mọ èyí, bí ó bá ṣubú lọ́jọ́ kan tí kò sì fara pa, kò ní dúró de ẹni tí yóò wá gbé e.

Ẹ má ṣe fa apá tí ó rọ rárá. Èjìká a máa yẹ̀. Ìbàdí ni kí ẹ ti gbá a mú, kí ẹ sì jẹ́ ẹni méjì bí ó bá wúwo. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tí àyà ń dùn ún tàbí tí èémí rẹ̀ ń já, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró nítorí ìdárayá.

A kò ní tan ara wa pé ẹbí nìkan tó. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Íńdíà, tí ó jáde ní ọdún 2017 lórí aláìsàn 1,250, kọ́ àwọn ẹbí ní ìtọ́jú yìí kí wọ́n máa ṣe é nílé. Lẹ́yìn oṣù 6, ipò àwọn aláìsàn wọn kò sàn ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe pa ọjọ́ tí físíò bá dá fún yín jẹ. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà: ẹni tí ó fẹ́ rìn gbọdọ̀ máa kọ́ ìrìn, ẹni tí ó fẹ́ mu omi fúnra rẹ̀ gbọdọ̀ máa di ife mú. Ẹní kì í ṣe ibi tí a ń lọ; ẹsẹ̀ àkọ́gbé ni. Bákan náà, àwọn mìíràn yóò sa gbogbo ipá wọn, síbẹ̀ apá kan kò ní padà bọ̀ sípò. Ẹ má ṣe pe irú wọn ní ọ̀lẹ.

Àwọn kan ní ayé ni ó ṣe é, wọ́n sì ń retí ọjọ́ tí àdúrà yóò gbé aláìsàn dìde. A kò sọ pé kí ẹ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àdúrà kò ní kí a má tẹ́ ẹní.

Ẹ̀yin ìyá, iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Ẹ pín in fún gbogbo ilé, tọkùnrin tobìnrin: kí ọmọ kan wà níbẹ̀ láàárọ̀, kí òmíràn wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí aláìsàn bá fi ìṣẹ́jú 5 wá bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wá a. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.