Ta Ní Ń Fi Fíìmù Àjẹ́ Wa Ṣẹ̀sín?

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Pópó Ọba, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọmọkùnrin kan fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ní, "Bàbá, ẹ wá wo nǹkan tó ń dẹ́rù bà yín láyé ọjọ́un." Fíìmù àtijọ́ kan ni. Ìyá arúgbó kan fẹ́ di ẹyẹ: aṣọ funfun fẹ́ lẹ̀lẹ̀, èéfín sọ, ìyá pòórá, ẹyẹ kan sì wà níbi tó dúró sí. Wọ́n ti fi okùn so ẹyẹ náà mọ́ igi, okùn náà sì hàn gbangba. Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n ò ní purọ́. Ó wá ní, "Àbí ẹ ò rí okùn yìí nígbà náà ni, Bàbá?"

A rí i, ọmọ mi. A ti rí i kí wọ́n tó bí ọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kò tíì tán nínú mi, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé. Wọ́n ní fíìmù olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, òpè ló wà fún.

Irọ́ ni, jàre. Nígbà tí Kòtò Ayé tí Yẹkínì Ajílẹ́yẹ ṣe dé àdúgbò wa, ilé kan ṣoṣo ló ní fídíò. Bí ọgbọ̀n ènìyàn la máa ń há mọ́ra ní pálọ̀, àwọn tí kò ráyè wọlé a dúró lójú fèrèsé. Apẹja kan wà láàárín wa tó máa ń dá lọ sójú ọ̀sà lóru. Bí àwọn àjẹ́ bá ti ń pé jọ nínú fíìmù, òun ló kọ́kọ́ máa ń kígbe pé, "Ẹ tanná o!" Ọkùnrin yìí kan náà ni yóò tún nawọ́ sí orí iwin tó yọ, tí yóò ní, "Ẹ wo ìwo páálí!" Ó rí páálí, ó sì bẹ̀rù. Ìjà kankan kò sí láàárín méjèèjì.

Bí eégún bá jáde, ta ni kò mọ̀ pé ẹlẹ́ran ara ló gbé ẹ̀kú? (Kí ẹnu mi má pa mí o.) Síbẹ̀ a ń sá, a sì ń padà wá kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ẹnikẹ́ni kò tàn wá jẹ.

Ẹ̀rù tí mò ń wí kò sí lára okùn. Àwa la gbé e wọ pálọ̀: ìbátan tí inú rẹ̀ kì í dùn sí ilé tí a kọ́, aboyún tó pé oṣù tí kò bí, ọ̀rẹ́ tó là lójijì tí a kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Fíìmù náà kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni. Nígbà tí ìyá àgbà ń pàlọ́ pé Ìjàpá di okùn mú, ó ń gun òkè ọ̀run lọ, ṣé ó mú okùn wá hàn wá ni? Àwa la ta á lọ́kàn ara wa. Fíìmù aláìlówó a máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún òǹwòran. Àkàlà tó wà nínú Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022 kò ní okùn lẹ́sẹ̀. Mo wò ó, ó dára. Ẹ̀rù kò bà mí rárá.

Àti pé, ta ló so okùn mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀? Nígbà tí Hubert Ògúńdé gbé Ayé jáde ní 1979, fíìmù gidi ni wọ́n fi yà á, Ọlá Balógun ló sì darí rẹ̀. Òkè òkun la ti ń fọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ nígbà náà, owó òkè òkun la fi ń san án. Ní 1986 SAP dé, náírà já wálẹ̀. Kín ni kí òṣèré alárìnkiri ṣe? Wọ́n gbé kámẹ́rà fídíò, wọ́n ra páálí àti ìyẹ̀fun, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi okùn ṣẹ̀sín, kí ó kọ́kọ́ lọ bi náírà.

Ọgbọ́n tí wọ́n lò kì í sì í ṣe ọgbọ́n òpè. Ní 1896, Georges Méliès, ará Faransé, dá kámẹ́rà dúró, ó yọ obìnrin kan kúrò lórí àga, ó gbé egungun òkú síbẹ̀, ó tún ń yà á lọ. Ní 1902 ó fi páálí àti ọ̀dà gbé ènìyàn lọ sínú òṣùpá. Àwọn aláwọ̀ funfun ń pe ìyẹn ní aṣáájú. Kí ló dé tí Ajílẹ́yẹ wa fi di aláìmọ̀kan? Ohun tí ojú Amos Tutùọlá rí náà nìyẹn nígbà tí ìwé rẹ̀ nípa ọ̀mùtí jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1952. Àwọn òyìnbó ń yìn ín, àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń bò ó mọ́lẹ̀ pé ó dójú ti àwọn.

Ibì kan wà tí mo ti gbà fún àwọn ẹlẹ́gàn. Ní gbogbo ìgbà ṣáá, ìyá arúgbó ni àjẹ́. Mo mọ opó kan tó ń ta ẹja nígbà náà. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ lórúkọ àjẹ́ inú fíìmù, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú pópó títí tí kò fi jókòó síta nírọ̀lẹ́ mọ́. Àwa àgbà gbọ́, a rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ bá fíìmù wọ̀nyí jà, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, n ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n wọn kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Okùn ni wọ́n ń rí.

Ní 1968, George Romero fi owó tí kò tó nǹkan ya fíìmù òkú tó ń jí rìn, tó ń jẹ ènìyàn, ní Amẹ́ríkà. Ní 1999, ilé-ìkàwé ńlá ti ìjọba wọn kọ ọ́ mọ́ àwọn fíìmù tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó parun. Tiwa wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣí tèmi lọ́dún tó kọjá: èbu ti bo téèpù, ó ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ tó sùn.

Mo ní kí ọmọ náà fi ìyókù fíìmù ọ̀hún hàn mí. Ó wá a títí. Ó ní ibi tí òun ní kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, àti pé ẹni tó fi ránṣẹ́ sí òun náà kò mọ ibi tí ìyókù wà.