Ẹ Má Ta Ẹ́ńjìnnì Bàbá Yín Ní Irin Àlòkù

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi! Ní Awóyè wa, ọkọ̀ ojú omi ni mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì Yamaha tí bàbá mi fi ń kó ẹja lọ sí ọjà Igbókòdá ló fi rán mi nílé-ìwé. Lẹ́yìn ikú bàbá, ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́. Wọ́n ní kí n tà á, mo kọ̀. Àgbà mẹkáníìkì kan bá mi tú u: iyọ̀ òkun ló dí ọ̀nà omi inú rẹ̀. Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n àgbà yìí kò ní ọmọṣẹ́ kankan. Òkun ń gba ilẹ̀ wa. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ náà yóò bá a lọ ni? Kí ẹ̀ka wa fi ọmọ méjì sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí a sanwó wọn. Ẹni tí kò lè tún irinṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ẹrú ẹni tó ń tà á ni.