Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Èsì fún Àwọn tí ó ń Bú Òṣèré Oníṣẹ́ Púpọ̀

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé òun fẹ́ máa ṣeré orí ìtàgé, kí òun máa kọrin, kí òun sì tún máa pìtàn lórí rédíò, kíá ni àgbàlagbà kan yóò pa òwe fún un pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Òwe náà dára. Ibi tí wọ́n pa á sí ni kò dára. Eku kan ṣoṣo ni òṣèré Yorùbá ń lé. Ọ̀nà tí ó ń gbà lé e ni ó pọ̀.

Ta ni ó kọ́kọ́ ya ijó kúrò lára orin, tí ó ya orin kúrò lára ìtàn? Kì í ṣe Yorùbá. Eégún aláré tí ó ń jó ni ó ń pe ẹ̀sà, òun náà ni ó ń tàkìtì, òun náà ni ó ń paradà di erè, di ọ̀nì. Apàlọ́ tí ó ń pa àlọ́ ni ó ń lé orin rẹ̀.

Hubert Ògúndé jẹ́ ọlọ́pàá kí ó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1946. Ó kọ eré, ó kọrin, ó jó, ó gbé àwo orin jáde. Ní 1979 ó gbé Aiyé lọ sínú sinimá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú, Òtítọ́ Korò ni ó fi dá wọn lóhùn. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ti jẹ́ olórin kí ó tó di aláwàdà. Inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Sunny Adé ti ta gìtá rí. Nígbà tí àwọn olè da fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru (1982), kọ, àdánù ńlá ni ó jẹ́ fún un. Síbẹ̀ kò jáwọ́. Ó tún ṣe Mosebọ́látán. Adébáyọ̀ Fálétí, tí ó papò dà ní 2017, jẹ́ akéwì, òǹkọ̀wé, ògbufọ̀ àti òṣìṣẹ́ tẹlifíṣàn. Ọ̀pọ̀ tí kò ka Ọmọ Olókùn Ẹṣin rí mọ̀ ọ́n nínú Ṣaworoidẹ (1999).

Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí wọ́n ń fọwọ́ kan gbogbo nǹkan láìkọ́ ọ̀kankan dójú àmì. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi iṣẹ́ púpọ̀. Ẹ̀bi àìkọ́ṣẹ́ ni.

Ohun tí ó burú jù ni pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ti kó sínú àṣìṣe yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka Ọba Kò So fún ìdánwò láìgbọ́ ìró bàtá, egungun eré ni ó kà. Kò tíì rí ẹran ara rẹ̀. Yóò ka kókó ọ̀rọ̀ àti ẹ̀dá ìtàn sórí, kò ní mọ ìdí tí orin fi bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti dúró. Bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ni Dúró Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì kí ó tó di ọba orí ìtàgé.

Nítorí náà, kí olùkọ́ yé fi òwe eku méjì dẹ́rù ba ọmọ. Kí ó bi í léèrè èwo ni yóò kọ́kọ́ kọ́ dójú àmì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọjà tí ó ń ná, gbogbo ọ̀nà ni yóò sọ ọ́ nù.