Ibà Pọ́njú: Ẹ Wo Àwọ̀ Ìgbẹ́ Ọmọ Kí Ẹ Tó Ra Agbo



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní Orè níbí, nígbà tí a bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálááṣí láti bá àwọn èèyàn yẹ ìfúnpá wò, ìbéèrè kan kì í wọ́n: "Ojú ọmọ mi pọ́n bí ìyeyè, agbo wo ni kí n fún un?" Àwọn ìyá àgbà á ní kí wọ́n máa sá ọmọ sí oòrùn àárọ̀. Àwọn alágbo á ní tàwọn dájú, pé yunifásítì ti fi eku dán an wò. Ohun tí a fẹ́ sọ lósù yìí ni pé ibà pọ́njú kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Èyí tó bá wá láti ara ọ̀nà òróòro tó dí, kò sí agbo tó lè là á. Gbogbo ọjọ́ tí a bá sì fi ń dán agbo wò ni ẹ̀dọ̀ fi ń bàjẹ́ sí i.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro. Ẹni tó bá ti pa adìẹ rí mọ̀ ọ́n: omi kíkorò tí a máa ń ṣọ́ra kó má bẹ́ sára ẹran. Ọ̀nà tóóró kan ló ń gbà dé ìfun, ibẹ̀ ló ti ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Ó tún ń kó ìdọ̀tí kan jáde láti inú ẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí yìí ló sì ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀ rẹ̀. Tí ọ̀nà náà bá dí, ìdọ̀tí á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ara á máa yúnni, ìgbẹ́ á sì funfun bí ẹfun.

Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe mọ ohun tí ìdíwọ́ yìí ń ṣe fún ẹ̀dọ̀? Ara eku ni wọ́n ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n á kun eku lóorun, wọ́n á fi òwú so ọ̀nà òróòro rẹ̀ níbi méjì, wọ́n á sì gé àárín rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, etí rẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n. Tó bá fi máa tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ti le, á ti kún fún àpá, nítorí òróòro tó há síbẹ̀ ń bó o bí ọṣẹ líle. Ẹ kíyè sí i: kò sẹ́ni tó fún eku yìí ní májèlé. Dídí tí ọ̀nà dí nìkan ló ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ìwádìí tí àwọn alágbo ń tọ́ka sí yàtọ̀ sí èyí. Lóòótọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí kolaviron, èròjà tí wọ́n ń yọ nínú orógbó. Wọ́n rí i pé ó ń dín ìpalára kù nígbà tí wọ́n bá fún eku ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n èròjà tí wọ́n yọ, tí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe agbo inú ike tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Eku kì í ṣe ọmọ ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ̀dọ̀ tí májèlé bà jẹ́ kì í sì ṣe ẹ̀dọ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ dí. Bí gọ́tà àdúgbò bá dí nígbà òjò, kò sẹ́ni tó ń da àgúnmu sí i. Ohun tó dí i ni a ń kó kúrò. Ká má tilẹ̀ wá sọ ti agbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, tí ẹ̀sìn wa ti kọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀.

Ti ọmọ tuntun ló ń dùn wá jù. Ojú ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń pọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, á sì lọ. Èyí tó bá pọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tàbí tí kò mu ọmú dáadáa, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Tó bá sì kọjá ọjọ́ 14 tí ojú ṣì pọ́n, tí ìgbẹ́ funfun, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà òróòro ọmọ náà ti dí pa. Morio Kasai, oníṣẹ́ abẹ ará Japan, gbé iṣẹ́ abẹ kan kalẹ̀ fún un ní àwọn ọdún 1950. Ó ń dára jù tí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé ọjọ́ 60. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ọ̀sẹ̀ 2 fún oòrùn, ọ̀sẹ̀ 3 fún agbo, ọ̀sẹ̀ 4 fún owó wíwá. Ọjọ́ 63 ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tún lè má tètè dá, nítorí fítámì K kò wọ ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ má dá abẹ́ fún un kí dókítà tó rí i.

Àgbà náà kò yọ sílẹ̀. Òkúta inú òróòro tàbí jẹjẹrẹ lè dí ọ̀nà náà. Ẹni tó ní sickle cell tètè máa ń ní òkúta yìí, ojú rẹ̀ tó ti máa ń pọ́n tẹ́lẹ̀ sì lè tàn wá jẹ. Tí abẹ́ ìhà ọ̀tún bá ń ro ó, tí ara rẹ̀ sì gbóná, kó má sun ilé mọ́jú.

A mọ̀ pé owó ló ń lé ọ̀pọ̀ wa lọ sídìí agbo. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti skáànù ni yóò sọ irú ibà pọ́njú tó jẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Tó bá ju agbára wọn lọ, kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn UNIMED ní Oǹdó. Àbá tiwa ni pé kí mọ́sálááṣí kọ̀ọ̀kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbò ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú sàdáákà Jímọ̀ fún owó ọkọ̀ àti skáànù irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí tí a bá fi gbà là kò kéré sí ògiri tí a bá fi kùn.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé ká wá ìwòsàn, ó sì kọ́ wa láti ṣàánú ẹranko. Ẹ̀mí eku púpọ̀ ló ti lọ kí a tó mọ ohun tí a kọ sókè yìí. Tí a bá mọ̀ ọ́n tán tí a tún jókòó ti agbo, a fi ẹ̀mí wọn ṣòfò, a sì fi ti ọmọ wa wewu. Lálẹ́ òní, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tuntun nílé, ẹ tú ìtẹ́dìí, ẹ wo àwọ̀ ìgbẹ́ níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa.

Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́jú àwọn ọmọ wa, kó fún àwọn aláìsàn ní àlàáfíà. Àmín.